Ìjókòó Ló Ń Pa Ọkọ̀

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà epo kan tí à ń rà ní ohun tí kò pé 200 náírà sì ti ibẹ̀ fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà sì wá ga kọjá ibi tí ọwọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba lè dé, ni mo ti ń rí irú àwọn oníbàárà kan nínú ọgbà iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, ìlú Olúyọ̀lé, tí n kò rò pé mo tún lè rí kí n tó fi sípánà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ: àwọn tí wọ́n ń wá Ìjàpá kiri.

Ìjàpá tí mò ń wí ni Volkswagen onígbá-lẹ́yìn, Tìrókò ọkọ Yánníbo, ẹlẹ́ńjìnì-ẹ̀yìn, ẹlẹ́rù-iwájú, arìn-jìnnà-má-mumi, ọkọ̀ tí àwọn olùkọ́, àwọn pásítọ̀, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn akọ̀wé kóòtù fi di ọlọ́kọ̀ nígbà tí àwa ṣì ń rìn lẹ́sẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí ó sì fi máa di oṣù Kejì ọdún 1972, iye tí wọ́n ti ṣe jáde ti kọjá 15,000,000, ó sì ti borí ọkọ̀ Ford Model T tí ó jẹ́ aṣíwájú fún un tipẹ́tipẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, àwọn Mandilas ló ń kó o wọlé tẹ́lẹ̀, kí ó tó di pé ní ọdún 1975 ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tò ó pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ Brazil wá. Àwọn ará Brazil wọ̀nyí dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1986, wọ́n tún gbé e dìde ní 1993 nígbà ìjọba Itamar Franco, wọ́n sì fi í tì sí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá ní 1996. Mexico ló ṣe àṣekẹ́yìn, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003. N kò to ìtàn yìí sílẹ̀ nítorí àtifi ìmọ̀ ṣe fọ́ńté. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń bá ara wọn mu láti ọdún dé ọdún, ni ọkọ̀ tí ènìyàn ṣì lè rí púlọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì, róbà bíréèkì àti tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà ní Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí ní Agodi Géètì níhìn-ín, bí ó bá ti mọ ẹni tí yóò bi. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí òkú ọkọ̀ dìde, ibi tí pátì rẹ̀ wà ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀. Bí èyí kò bá sí, kí ó tètè jẹ́ kí olóògbé sùn ire.

Bí àwọn oníbàárà wọ̀nyí bá ti dé, ọ̀rọ̀ ìyìn kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn. Wọn a ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò rìn rárá o. Àgbàlá ló wà látìgbà tí Bàbá ti kú." Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n máa ń sọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n ṣàdédé he ìṣúra, wọn kò sì mọ̀ pé gbólóhùn yìí gan-an ló ń kó àyà mi sókè ju kí wọ́n ní ọkọ̀ náà ti rìn dé Kánò ní ìgbà ogún lọ. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi hàn mí, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi títí etí wọn fi kún, ni pé ìrìn kì í pa ọkọ̀ tó bí ìjókòó ṣe ń pa á. Ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́, bí gbogbo ara rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àpá, ọ́ìlì ń gòkè ó ń sọ̀ nínú rẹ̀, ooru ẹ́ńjìnì ń lé ọ̀rinrin jáde, bíréèkì rẹ̀ kì í ráyè lẹ̀ mọ́ra, bí ohun kan bá sì fẹ́ yẹ̀ lára rẹ̀, yóò ti han, yóò ti hó, yóò ti rùn sí olówó rẹ̀ kí ó tó yẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n èyí tí a gbé kalẹ̀ sí abẹ́ igi tí a kẹ̀yìn sí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀: ọ́ìlì a ro kúrò lára irin, irin a sì dípẹtà, epo inú kabúrétọ̀ a fẹ́, èyí tó kù a sì di oje tó lẹ̀ pinpin, omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi jẹ irin tí ó yẹ kí ó máa tì, róbà gbogbo a gbẹ, a sán. Ẹran ara ènìyàn tó bá dùbúlẹ̀ sinmi ń tún ara rẹ̀ ṣe ni. Irin kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ láti ọ̀run wá, Ògún Onírè kò sì fi lọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan sọ nínú wọn. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan ra Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní ọdún 1973 lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti di olóògbé, owó tí kò sì tó ti ọ̀kadà tuntun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn: wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibi tí ọkọ̀ náà wà. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà. Ewé máńgòrò ti kún gbogbo ibi tí omi òjò ń gbà kọjá, adìyẹ ti yé sí ibi ìjókòó awakọ̀, ikán sì ti jẹ tìmùtìmù ẹ̀yìn tán, nítorí pé okùn èèpo àgbọn ni àwọn ará Jámánì fi ki inú àga ọkọ̀ wọ̀nyí láyé àtijọ́, bí ìgbà tí ènìyàn sì gbé àsè kalẹ̀ fún ikán ni. Sítíárì rẹ̀ wà lápá òsì, bí ó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni, nígbà tí Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ apá ọ̀tún ni sítíárì wà, èmi kì í sì gba ẹni tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́ níyànjú pé kó ra irú èyíinì, nítorí ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún kò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Bàbá, ṣé lópin ọ̀sẹ̀ ni kí n wá gbé e?" Mo wí fún un pé, "Ọmọ mi, lópin ọ̀sẹ̀ ni kí o wá wò ó." Òun ti rò pé bátìrì tuntun, epo tuntun àti àdúrà ni yóò parí ọ̀ràn náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mẹkáníìkì ni ìbá sì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún un: wọn ìbá so bátìrì mọ́ ọn, wọn ìbá ta epo sí i lẹ́nu, wọn ìbá yí kọ́kọ́rọ́, èéfín ìbá sì sọ, àwọn tó dúró ìbá pàtẹ́wọ́.

Bíréèkì ni èmi máa ń kọ́kọ́ tú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ èyí, nítorí ìdùnnú ọmọdé ni kí ẹ́ńjìnì bú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò lè gbéra kò tíì pa ẹnì kan rí, èyí tó gbéra tán tí kò lè dúró mọ́ ni ẹlẹ́jẹ̀. Ìlù ni bíréèkì Ìjàpá ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, bí a bá sì ṣí i lẹ́yìn ìjókòó ọdún púpọ̀, ohun tí a máa ń bá níbẹ̀ ni pé irin kékeré tó ń ti bàtà bíréèkì ti gan sínú ilé rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi sáńpépà fọ̀ ọ́, á ní ó ti tó. Kò tó. Ibi tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò sí lára irin yẹn, róbà tuntun kò ní lò ju oṣù díẹ̀ lọ kí omi tó máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà, èmi a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, tòun ti másítà tó wà níwájú. Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí: róbà gígùn tó ń gbé omi bíréèkì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ a máa wú nínú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ á ti omi kọjá, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹsẹ̀, omi náà kò ní rí ọ̀nà padà, táyà á máa wọ́, ìlù á gbóná janjan, awakọ̀ á sì máa bú ẹ́ńjìnì pé kò lágbára. Irú àìsàn yìí ti jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì tí kò ṣẹ̀ ká ní ọgbà iṣẹ́ púpọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Táyà ló tẹ̀ lé e. Ti ọ̀gá ilé ìwé yẹn ṣì ní eyín dáadáa, ọmọbìnrin náà sì ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lò wọ́n di ìparí oṣù. Mo mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, mo sì fi hàn án bí ara rẹ̀ ṣe sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000 wá ní nọ́ńbà mẹ́rin kan ní ìparí àwọn lẹ́tà tí a tẹ̀ sí i lára lẹ́yìn DOT; méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún, tó fi jẹ́ pé 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009. Kí ẹni tó bá ń ra táyà tòkunbọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka èyí kí ó tó na owó sí fọkanáísà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ẹni tó bá rántí Ìjàpá dáadáa yóò rántí pẹ̀lú pé púpọ̀ nínú wọn ló jóná. Táńkì epo rẹ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, epo sì ń gba gbogbo abẹ́ ọkọ̀ kọjá kí ó tó dé orí ẹ́ńjìnì, níbi tí róbà kúkúrú ti so páìpù mọ́ pọ́ǹpù, tí òmíràn sì so pọ́ǹpù mọ́ kabúrétọ̀, lókè irin gbígbóná, nítòsí ibi tí iná mànàmáná ti ń ta. Róbà yẹn ní ọjọ́ orí, ó sì dájú pé yóò sán. A kì í wò ó, a kì í tẹ̀ ẹ́ wò, a kì í sọ pé ó ṣì rọ̀. A máa ń gé e sọnù ni, a máa ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, a sì máa ń fi irin dì í ní ẹnu méjèèjì. Mo tú táńkì ọkọ̀ yìí sílẹ̀, mo da oje tó wà nínú rẹ̀ nù, òórùn rẹ̀ dà bí ti fáníìṣì, mo fọ táńkì náà ní àfọ̀tán, mo sì tú kabúrétọ̀ ká wẹ́wẹ́. Mo tún ní kí rìwáyà bá mi wo abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí bátìrì wà. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò mọ̀ pé orí bátìrì ni wọ́n jókòó lé; bí ìbòrí bátìrì bá sì ti sọnù, tí ẹni tó sanra bá wọlé, irin sípíríìnì àga lè kan orí bátìrì, kí okùn àgbọn inú àga sì gbiná. Owó ìbòrí yẹn kò tó owó oúnjẹ àárọ̀.

Ìgbà yìí ni mo tó yíjú sí ẹ́ńjìnì, ó sì wá di ibi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹni tó bá fi bátìrì fipá yí ẹ́ńjìnì tó ti sùn fún ọdún púpọ̀, bí ríìngì rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ ara irin, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́ wọn. Nítorí náà, mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀ láti alẹ́ di àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi sípánà 21 mú nọ́ọ̀tì tó wà níwájú dáínámò, mo sì fi ọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbà díẹ̀, ó tún gbà, títí tó fi ń yí láìsí ìjàdù. Mo da ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀, mo fọ asẹ́ tó wà nísàlẹ̀, mo sì da lítà méjì ààbọ̀ ti tuntun sí i, nítorí kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 0.15, ti kọ́ńtáàtì jẹ́ 0.4. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ń yẹ ọkọ̀ wò lónìí lè rò pé àwàdà ni irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé irin pẹlẹbẹ kan ṣì lè sọ òtítọ́ fún ènìyàn láìjẹ́ pé iná NEPA wà.

Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnì Ìjàpá tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tiwa kò gbà gbọ́, mo sì ti bá àgbà iṣẹ́ jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkọ̀ yìí kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Fáànù kan tí dáínámò ń yí ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára, àwọn páànù dúdú tó bo ẹ́ńjìnì yíká ló sì ń darí afẹ́fẹ́ náà gba àárín ìyẹ́ irin tó wà lára sìlíńdà. Àwọn ènìyàn wa á wo páànù wọ̀nyí, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ wa gbóná, ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i," wọn á sì tú wọn dànù. Ẹ wo irú inú rere bẹ́ẹ̀! Bí a bá ti tú páànù kúrò, afẹ́fẹ́ fáànù a túká, atẹ́gùn tó ti gbóná lábẹ́ ọkọ̀ a sì tún gba òkè padà sínú fáànù, sìlíńdà a wá máa jóná níkọ̀kọ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi kú, wọ́n á sì ní Ìjàpá kò bá ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú mu. Nígbà tí mo gbé ilé fáànù ti ọ̀gá ilé ìwé sókè, ìtẹ́ eku odindi ló wà lórí sìlíńdà apá òsì, pẹ̀lú ewé, ọ̀rá, àti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ti rún wẹ́wẹ́. Àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté. Bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kìíní bí àwọn kan ti fẹ́, ẹ́ńjìnì náà ìbá bú lóòótọ́, ìbá tilẹ̀ gbé nọ́ọ̀sì náà dé ibi iṣẹ́, kò sì ní pẹ́ tí sìlíńdà náà yóò fi jóná.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ni ti pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Omi òjò àti omi bátìrì ti jẹ abẹ́ àga ẹ̀yìn lu, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. A gé e, a jó páànù tuntun mọ́ ọn, lẹ́yìn tí a ti gbé táńkì epo àti bátìrì kúrò. Ibi tí mo ti bá a jà ni abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kan ọkọ̀ yìí, nítorí náà, wọ́n la ihò sí abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì láti fi gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná wá fún àwọn tó jókòó níwájú. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà wa sì ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kankan kò ní yáná nínú ọkọ̀ ní Ìbàdàn, kí a gé e sọnù kí a fi páànù pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀. Ihò yẹn gan-an ni ìgbátí ọkọ̀. Òun ló so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra Ìjàpá, kí ó fi jáàkì gbé e sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn: bí ilẹ̀kùn kò bá bá ojú ihò rẹ̀ mu mọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ṣẹ́, owó tí yóò sì tán lé e kò ní í lópin. Egbìnrìn ọ̀tẹ̀ ni, bí a ti ń pa ọ̀kan ni ọ̀kan ń rú.

Ẹ ó ti rí i pé n kò tíì dárúkọ ọ̀dà. Èyí ni ìjà tí mo máa ń bá oníbàárà jà jù lọ, pàápàá ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọ̀dà ni gbogbo ayé ń rí, òun ni ìyàwó ilé ń yìn, òun ni ó ń jẹ́ kí aládùúgbò sọ pé, "Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun o!" Ọkùnrin kan gbé Ìjàpá tirẹ̀ lọ bá pẹ́ńtà kí ó tó gbé e wá bá mi, ó kun ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ó fi fádákà yí i lára ká, ó sì ná owó rẹ̀ tán pátápátá síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ iye tí bíréèkì yóò gbà, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ọkọ̀ náà rẹwà títí di òní. Ó wà níwájú ilé rẹ̀, ó ti tún jókòó. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé kí ó jẹ́ kí ìpẹtà ara bọ́nẹ́ẹ̀tì máa wo òun lójú fún ọdún kan, kí a kàn fi ọ̀dà abẹ́lẹ̀ bo ibi tí a jó, ó sì gbọ́n, ó gbà. Àwọn dókítà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ó má gbé adìyẹ rẹ̀ síwájú géètì ilé ìwòsàn mọ́.

Nígbà tí ó fẹ́ gbé e lọ, mo ní kí ó jókòó, mo sì kọ́ ọ ní ohun tí ọlọ́kọ̀ òde òní kì í kọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí ó máa wà á lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ dé ọjà lásán, kí ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa kí ó tó pa á. Ọkọ̀ tí a sọ jí tí a tún gbé kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ibojì ló ń padà sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa yí àdúgbò po, kí ó máa fi ọwọ́ kan ìlù ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti mọ èyí tó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì máa fi imú wá epo. Kí ó wọn ọ́ìlì láràárọ̀ kí ó tó tan ọkọ̀. Ìwé ilé iṣẹ́ ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 5,000, ṣùgbọ́n nítorí eruku wa, àti nítorí pé asẹ́ waya lásán ló wà nínú rẹ̀, tí kò ní asẹ́ oníwèé, 3,000 ni èmi ń ka, ọjọ́ yẹn náà ni mo sì ń wọn tápẹ́ẹ̀tì. Kí ó ní fáànù-bẹ́líìtì kan nínú búùtù tòun ti sípánà tí yóò fi wọ̀ ọ́. Bí iná pupa bá sì tàn níwájú rẹ̀ lójijì bí ó ti ń lọ, kí ó má rò pé bátìrì nìkan ni, kí ó má ní òun á fi dé ilé, nítorí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí dáínámò àti fáànù, bí ó bá sì ti já, kò sí ohun tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnì mọ́. Kí ó pa á lójú ẹsẹ̀, kí ó kúrò lójú títì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n oògùn. Ó ń pè mí nígbà mìíràn láti sọ pé, "Bàbá, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láàárọ̀ nìkan, bó bá gbóná a dákẹ́," mo sì mọ̀ pé etí rẹ̀ ti là, nítorí ọkùnrin tó ti ń wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kì í gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní í fi ìfẹ́ Ìjàpá purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ènìyàn sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá, táńkì epo rẹ̀ wà níwájú orúnkún awakọ̀, kò lè sá fún tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní eré àsápajúdé, iná iwájú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú àwọn iná funfun òde òní tó ń fọ́ ènìyàn lójú. Lóòótọ́, fún ọ̀nà Mókọ́lá sí Yemẹtu, fún ilé ìwòsàn àti ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí mo lè fi dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì náà pé bí iṣẹ́ òru bá kàn án, kí ó wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́, kí ó má sì gbé Ìjàpá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láéláé. Èmi fúnra mi, bí mo bá fẹ́ lọ ra pátì Ìjàpá ní Ládípọ̀, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀.